Ọ̀lẹ̀ Kò Gba Okùn

Oṣù lé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó sì da ètò Sàfúrátù rú.

Ààwẹ̀ ọdún 1983 kò tíì ju ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Sàfúrátù fọkàn sí. Aláró ni, ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Àdìrẹ oníko ni iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí a máa ń fi ìko di aṣọ funfun ní kókó kókó kí a tó rì í sínú aró. Ìró mẹ́jọ ti ilé oníbàárà rẹ̀ kan, Asiata, wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ró wọn lọ́jọ́ ọdún. Ó ti pín àkókò rẹ̀ bí ẹni pín ẹran: gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò fi se ọ̀lẹ̀, ìyẹn mọ́ínmọ́ín, fún Lydia aládùúgbò rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ni yóò tú aṣọ, òwúrọ̀ Ọjọ́rú, tí í ṣe ọdún, ni yóò kó aṣọ fún àwọn tó ni ín.

Rédíò kéde pé wọ́n ti rí oṣù. Àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè. Sàfúrátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, ó ń ṣírò. Ọ̀la ni ọdún. Ọ̀la ni Asiata ń bọ̀ wá kó aṣọ. Ọ̀la náà, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni Lydia yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kàdúná, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò padà.

Ògiri kan ṣoṣo ló ya ilé Lydia àti ilé Sàfúrátù. Kristẹni ni Lydia, Ìyá Títílọlá sì ni Sàfúrátù ń pè é. Ọkọ rẹ̀, Herbert, jẹ́ akọ̀wé ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Láfẹ́ńwá kí ìwé tó dé pé iṣẹ́ rẹ̀ ti di ti Kàdúná. Ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí Sàfúrátù bí Jùbrílù, àìsàn dá a dúró sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mọ́ṣúdù ọkọ rẹ̀, oníṣòwò obì, wà ní Kánò pẹ̀lú ẹrù. Lydia ló wẹ ọmọ tuntun. Òun ló fún un ní mílíìkì. Òun ló ń di irun Bùsírátù, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Òun ló sì ń jókòó ti Láwàlì, ọmọ ọdún mẹ́fà, títí yóò fi jẹun tán. Nígbà tí Sàfúrátù padà délé, ó di àdìrẹ méjì tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó gbé e lọ dúpẹ́. Lydia kò gbà á.

"Ṣé o fẹ́ sanwó fún mi ni? Gbé aṣọ rẹ, jàre. Bí o bá fẹ́ ṣe nǹkan fún mi, wá se ọ̀lẹ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan. Ọ̀lẹ̀ rẹ ni àwọn ọmọ yìí fi dá mi lágara."

"Ẹ máa retí mi ní Sátidé, Ìyá Títílọlá."

Sátidé náà kọjá. Sátidé tó lé ní ogójì tún tẹ̀ lé e. Aró kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti jinná, aṣọ gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ìtìjú mú Sàfúrátù débi pé ó ti ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí Lydia má baà rí i. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀lẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí kì í ṣe oúnjẹ lásán. Òun ni ọpẹ́ tó kù sí i lọ́rùn, ọ̀la sì ni àyè ìkẹyìn.

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣínu.

"Èmi yóò sè é," ni Mọ́ṣúdù wí.

Sàfúrátù gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún méjìlá tí wọ́n ti ń gbé pọ̀, omi tíì nìkan ló ti rí i tó gbé ka iná.

"Ẹ̀yin, Bàbá Bùsí?"

"Kí ló wà nínú rẹ̀? Ẹ̀wà, ata, ewé. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń fi ewé di obì. Obì tí mo bá dì ní ọjà Òṣíẹ̀lẹ̀, bó ṣe tutù ló ṣe ń dé Kánò."

"Obì kì í ṣàn, Bàbá Bùsí."

"A ó rí i."

Kò sí ẹlòmíràn tí yóò ràn án lọ́wọ́, Sàfúrátù sì gbà. Ó rẹ ẹ̀wà kí ó tó lọ gbé ìró mẹ́jọ náà jáde nínú aró. Bùsírátù àti Láwàlì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bó ẹ̀wà náà títí èèpo fi kún agbada. Iṣẹ́ tiwọn mìíràn ti parí: ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, kí ọwọ́ wọn má baà yọ ìyá wọn lẹ́nu, Sàfúrátù gé etí aṣọ funfun kan fún wọn, ó ní kí wọ́n fi ṣe ìbòrí fún abọ́ ọ̀lẹ̀ Lydia. Láwàlì ń fi hóró ẹ̀wà sábẹ́ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Bùsírátù ń fi ìko dì í mọ́lẹ̀. Hóró márùndínlọ́gọ́ta ni. Ìyá wọn bá wọn rì í sínú aró, wọ́n sì tú u: àwọn òrùka funfun kéékèèké jáde lórí aró dúdú, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan wọ́, bí ojú ẹja tí kò dọ́gba. Sàfúrátù kò tún un ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọdún, obìnrin ẹlẹ́rọ tó wà ní ìkóríta lọ ẹ̀wà fún wọn ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì wọ aṣọ Yídì. Bùsírátù po ata, epo, iyọ̀ àti edé pọ̀ mọ́ ọn bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Sàfúrátù wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń tú aṣọ, ó ń ṣan án, ó ń sá a. Òjò oṣù Keje kò rọ̀. Mọ́ṣúdù jókòó lórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú ewé eéran àkọ́kọ́.

Ẹ̀wà ṣàn sí i lẹ́sẹ̀. Ó mú ìkejì. Ó ṣàn sí àpótí. Ẹ̀kẹta gbé nǹkan dúró fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, ó sì tú lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń ya ẹnu.

"Bàbá mi, Màámi kì í kàn án yí báyìí," ni Bùsírátù wí. "Ó máa ń ká ìdí rẹ̀ padà."

"Báwo ló ṣe ń ká a?"

"Mi ò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá jù."

Ojú Mọ́ṣúdù wá lọ sára ògiri. Ìdì ìko kan wà lórí ìṣó níbẹ̀. Sàfúrátù kì í da ìko tó bá ṣì lágbára nù lẹ́yìn tó bá tú aṣọ. Ó ń fi di igi ìdáná. Mọ́ṣúdù na ọwọ́. Gbogbo nǹkan tó mọ̀ nípa ewé, láti ìgbà èwe rẹ̀ nínú iṣẹ́ obì, ni pé okùn ló ń parí rẹ̀.

"Bàbá mi, ìko aṣọ ni o."

"Ìko kì í ha ṣe ìko?"

"Aró wà lára rẹ̀."

"Kí ni aró kò sí lára rẹ̀ nínú ilé yìí?"

Bùsírátù wò yíká. Aró wà lára ilẹ̀kùn. Ó wà lára ìdí àpótí tí bàbá rẹ̀ jókòó lé, lára ife Jùbrílù, lára ẹsẹ̀ àwọn adìẹ ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúdú dé ọrùn ọwọ́, ọwọ́ náà ló sì ń ro ọkà fún wọn lójoojúmọ́. Nínú ilé náà, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ tún ń rí aró mọ́.

Síbẹ̀, Mọ́ṣúdù ṣọ́ra. Ó fi omi tútù ṣan ìko náà lẹ́ẹ̀mejì. Omi náà mọ́ gaara. Ó di ogójì ọ̀lẹ̀, ó fún okùn ọ̀kọ̀ọ̀kan le bí ẹrù Kánò, ó tò wọ́n sínú ìkòkò, ó gbé e ka iná, ó sì mú Láwàlì lọ́wọ́ lọ kírun ọdún ní Yídì. Inú rẹ̀ dùn. Ẹyọ kan kò jò.

Asiata kó aṣọ rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó súre, ó lọ. Sàfúrátù fọ ọwọ́, ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò.

Omi tó ń hó nísàlẹ̀ rẹ̀ dúdú bí omi aró. Ó fi ṣíbí gbé ọ̀lẹ̀ kan jáde, ó já okùn rẹ̀, ó ṣí ewé. Òrùka aró mẹ́ta yí ọ̀lẹ̀ náà po, aró sì ti ṣàn gba ojú ìká ewé wọ inú rẹ̀.

Ìgbà náà ni Mọ́ṣúdù àti Láwàlì wọlé láti Yídì, agbádá funfun lọ́rùn bàbá, fìlà tuntun lórí ọmọ.

"Ẹ kú ọdún o! Ọdún á ya abo! Ṣé ó ti jinná?"

"Ẹ wá wo ọdún," ni Sàfúrátù wí.

Láwàlì ló kọ́kọ́ dé ìdí ìkòkò. "Màámi! Ó ti di àdìrẹ!"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọ̀lẹ̀ náà, ó wo ìṣó tó ṣófo lára ògiri.

"Bí a bá gé etí rẹ̀ kúrò ńkọ́? Inú rẹ̀ funfun."

"Sóódà, Bàbá Bùsí. Ewé ẹlú àti eérú ni ìyá mi àgbà fi ń ṣe aró tirẹ̀. Èyí tí mo ń lò, sóódà wà nínú rẹ̀. Ẹ kò rí bó ṣe ń bó mi lọ́wọ́? Ẹnikẹ́ni kò ní fi kan ẹnu."

Mọ́ṣúdù bọ́ agbádá rẹ̀. Ó gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀, ó da ọ̀lẹ̀ mọ́kàndínlógójì sínú rẹ̀, ó sì fi erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ kí adìẹ má baà dé ibẹ̀. Aago mọ́kànlá ti lù. Ẹ̀wà kò kù nílé. Àwọn ìsọ̀ wà ní títì. Sàfúrátù gbé ọ̀lẹ̀ kan ṣoṣo tó kù sórí àwo, ó sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú lọ sí ilé Lydia, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta.

Ilé náà ti ṣófo. Kò sí aṣọ ojú fèrèsé mọ́. Lydia jókòó lórí àpótí kan, ó ń fi okùn di òmíràn.

"Ìyá Bùsí! O kú ọdún o. Ṣé o ti tú aṣọ tán?"

Sàfúrátù ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ pòórá. Ó gbé àwo náà síwájú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀lẹ̀ yín ni, mà. Bàbá Bùsí ló dì í. Ìko aró ló fi so ó."

Lydia wo àwo, ó wo ojú Sàfúrátù, ó tún wo àwo. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀. "Herbert! Ẹ jáde wá! Ẹ wá wo ọ̀lẹ̀ tó ró ìró ọdún!"

Herbert yọjú pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ara ti ògiri. Sàfúrátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omi ti lé sí i lójú.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Ìyá Títílọlá. Ẹ bá mi wo ọmọ mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Odidi ọdún kan, mi ò ráyè se ẹ̀wà fún yín. Òní tí mo sì ní n ó sè é..."

Lydia dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé àpò kékeré kan jáde.

"Ẹ̀wà olóyin nìyí. Ìwọ àti àwọn ọmọ ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún."

"Rárá o. Ẹ̀wà yín kọ́ ni n ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ta ló ní kí o dúpẹ́? Jókòó, kí n bá ọ sọ̀rọ̀." Lydia tún jókòó sórí àpótí rẹ̀. "Nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo se ọ̀lẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló wó pẹ̀tẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Láwàlì wò ó, ó ní, 'Ti màmá mi máa ń dúró.' Ó gbé abọ́ padà fún mi. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún. Ọkọ mi gan-an kò mọ̀. Kí ló dé tí o rò pé mo ní kí o wá sè é lọ́dọ̀ mi? Mo fẹ́ dúró tì ọ́ ni, kí n rí bí ọwọ́ rẹ ti ń ṣe é. Àádọ́ta ọdún ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pé láyé, ọ̀lẹ̀ mi kò tíì dúró rí."

Sàfúrátù fi etí ìborùn nu ojú. Ó wo agogo tó ṣì wà lára ògiri: aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.

"Ọlọ ńkọ́, mà? Ẹlẹ́rọ ti lọ."

"Ó wà lẹ́yìnkùlé. Ta ni yóò gbé ọlọ wọ ọkọ̀ ojú irin?"

Ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé méjèèjì ti di ọ̀kan. Omi gbígbóná ni wọ́n dà sórí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀. Herbert, tó jẹ́ pé bébà ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ogún ọdún, jókòó láàárín Bùsírátù àti Láwàlì, ó ń bó ẹ̀wà.

"Ọ̀gá Akọ̀wé, ẹ̀wà àti èèpo lẹ jọ ń jù sínú abọ́," ni Mọ́ṣúdù wí.

"Ẹni tó fi aró se ọ̀lẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

Sàfúrátù kúnlẹ̀ sídìí ọlọ. Apá rẹ̀ ti rẹ̀ láti ìdí aró, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ àfi Lydia, nígbà tó ku díẹ̀. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀wà kúnná. Wọ́n pò ó. Ìgbà náà ni Sàfúrátù to ewé sórí ẹsẹ̀, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó ṣe é díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ wò ó, mà. Ewé méjì, ọ̀kan lórí ìkejì. Ẹ yí i bí ìwo. Ìdí rẹ̀ yìí, ẹ ká a padà sẹ́yìn, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹ má gbé àtàǹpàkò kúrò. Ẹ bu ẹ̀wà sí i, kó má kún. Ẹ ká ẹnu rẹ̀ sósì, ẹ ká a sọ́tùn-ún, kí ẹ wá fi ojú ìká náà sísàlẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ni yóò tì í."

"Kò wá sí okùn rárá?" ni Mọ́ṣúdù béèrè.

"Ọ̀lẹ̀ kò gba okùn, Bàbá Bùsí."

Ti Lydia jò lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé e lé orí àwo, ó sì yọ ọwọ́ kúrò. Kò jò. Ó mú ewé mìíràn. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀: mẹ́rìnlá ti Lydia, mọ́kànlá ti Sàfúrátù, ẹyọ kan ti Mọ́ṣúdù, tó wọ́ díẹ̀. Aago mẹ́ta ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mẹ́rin kù sílé fún àwọn ọmọ. Méjìlélógún wọ inú abọ́, Bùsírátù sì fi aṣọ òrùka rẹ̀ bò ó, ó so ó ní ìgun mẹ́rin.

"Èmi ni mo fi ẹ̀wà sábẹ́ rẹ̀," ni Láwàlì sọ fún Lydia. "Márùndínlọ́gọ́ta."

"Ṣé aró yìí kò ní kan ọ̀lẹ̀ mi?"

"A ti fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná," ni Bùsírátù wí kíákíá. "Lẹ́ẹ̀mẹrin. Ewé sì wà láàárín."

Ọkọ̀ ojú irin fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́. Kò sí ẹni tó ráhùn nínú wọn. Ní ibùdókọ̀ ní Láfẹ́ńwá, nígbà tí Herbert ń ka àpótí, Sàfúrátù kúnlẹ̀ síwájú Lydia lórí símẹ́ǹtì, Jùbrílù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Títílọlá, mo dúpẹ́. Ẹ ṣé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọmọ tí ẹ wẹ̀ nìyí, ó ti ń rìn. Ọlọ́run Ọba yóò bá mi san án fún yín."

Ó ń retí pé Lydia yóò tún dá ọpẹ́ náà padà fún un, bó ti dá aṣọ padà. Lydia fà á dìde. Ó di ọwọ́ dúdú náà mú nínú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Àmín. Mo gbà á," ni Lydia wí.

Ọkọ̀ fọn fèrè. Àwọn fèrèsé ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú wọn. Lydia ti tú ìbòrí abọ́ rẹ̀. Ó ṣí ewé kan, ó sì na ọwọ́ síta. Ọ̀lẹ̀ kan dúró ṣánṣán lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń mì.

"Ó dúró!" ni ó ké. "Èmi ni mo dì í!"

Mọ́ṣúdù sáré díẹ̀ tẹ̀ lé fèrèsé náà. "Tèmi ńkọ́, mà?"

Wọ́n rí i tó mú èyí tó wọ́, tó sì tú u. Ohùn rẹ̀ sì padà wá lókè ariwo irin:

"Ti Bàbá Bùsí wó!"

Sàfúrátù rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó rẹ́rìn-ín títí Jùbrílù náà fi bá a rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n délé, ó yọ ìṣó inú ilé ìdáná, ó kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, ó sì fi ìko tó tú lára aṣọ Asiata kọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó sídìí ọlọ tí Lydia fi sílẹ̀ fún un, ó ṣí ọ̀lẹ̀ kan tó kù lára ti àwọn ọmọ, ó ní "Alihamdulilahi," ó sì jẹun ọdún.